Ọwọ́ Tí Honoré Kò Nù

Bí ẹ bá gba títì Pobè kọjá, ẹ ó rí pátákó funfun kan níbi tí ọ̀nà ti yà sí apá Igana. Wọ́n ya ọwọ́ pupa kan sí i, wọ́n sì fi èdè Faransé kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà ihò àwọn ará àtijọ́ nìyẹn. Ọmọńdinrín ọwọ́ náà wọ́ síta, ó yà kúrò lára àwọn ìka yòókù bí ọmọ tó ń bínú. Àwọn tó ń wá wò ó láti Kútọnu gbà pé ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Irọ́ ni. Èmi ni mo di ìka yẹn nígbà tó ṣẹ́. Ọwọ́ òsì Ẹnìtàn ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì tún ń bá mi jiyàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwa obìnrin abúlé wa kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti gbé e sórí fóònù, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù, kí ló kù tí a ń bò? Inú ń bí mi, n kò ní purọ́. Bí ẹnì kan bá máa sọ ọ́, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Catherine ni wọ́n sọ mí nígbà ìrìbọmi. Opó ni mí. Ìgbà tí ọkọ mi kú ní Pobè ni mo padà sí abúlé wa lẹ́bàá Igana, tí mo kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé baba wa. Berthe ni ẹ̀gbọ́n mi, òun ló bí Ẹnìtàn. Inú abúlé wa níbí náà ló lọ́kọ sí, kò jìnnà sílé, síbẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ikọ́ ló gbé e lọ nígbà tí Ẹnìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú. Kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ní láti dé Pobè, Berthe a sì máa sọ pé òun máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Ọmọ olórí kunkun ni. Kò tíì lè gbé ọmọ odó tó fi ń bá àwọn àgbà dúró nídìí odó ẹyìn. Lọ́jọ́ kan, ó ki ọwọ́ òsì bọ inú odó láti yọ èkùrọ́ kan, ọmọ odó ẹlòmíràn sì balẹ̀ lé e. Mo di ìka náà mọ́ igi pẹlẹbẹ, mo ń fi epo gbígbóná pa á láràárọ̀. Ó jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Nígbà tó dàgbà, epo pupa náà ló ń ṣe jẹun ní Sakété. Epo rẹ̀ mọ́, kì í kan, àwọn tó ń rà á sì máa ń ti Ita-Djèbou wá bá a. Bí ẹnì kan bá ní epo rẹ̀ ti wọ́n jù, á ní kí onítọ̀hún lọ gún tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ihò náà. Lẹ́yìn abúlé wa, ilẹ̀ ya, ó jìn wọlẹ̀, omi òjò ló sì wà á bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ihò kan wà lára àpáta ibẹ̀. Ilé Ìyá là ń pè é. Ọkùnrin kì í dé ibẹ̀, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ níwájú ọkùnrin. Bí ọmọbìnrin abúlé bá ń lọ sílé ọkọ, àwọn ìyá á mú un lọ síbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n á mú un jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́nu ihò, wọ́n á po ilẹ̀ pupa mọ́ epo, á ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, á sì tẹ ọwọ́ náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń bá a lọ sílé ọkọ láti lọ ṣiṣẹ́. Ti òsì kù nílé.

Ẹ ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òótọ́ ni. Ilé ìyá ni tiwa.

Ohun tí ọwọ́ yẹn wà fún rèé. Bí ilé ọkọ bá le ju ohun tí ara gbà lọ, obìnrin á padà wá, á fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ó ti padà sílé nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bi í pé kí ló dé. Baba kò gbọdọ̀ bi í, ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ bi í, ọkọ kò sì gbọdọ̀ wá fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lò ó rí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà tí kò ní tì, á lè sùn nílé ọkọ.

Ọdún tí wọ́n gbé Berthe níyàwó, òjò pọ̀ débi pé kòtò ilẹ̀ pupa kún fún omi. Búlúù tí a fi ń ṣan aṣọ funfun ni àwọn ìyá pò. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé èmi pẹ̀lú, nítorí náà búlúù ni tèmi. Nígbà tó kan Ẹnìtàn, ilẹ̀ pupa wà dáadáa. Ó tẹ ọwọ́ tirẹ̀ tán, ó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́ búlúù ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. A ní kó jẹ́ ká lọ, ilẹ̀ ti ń mọ́. Ó ní, "Tàntí, fọ́tò ìyá mi rèé." Gbogbo wa ló sunkún lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá tí kì í sunkún pàápàá.

Honoré ló fẹ́ ẹ. Ayàwòrán ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Sakété. N kò ní sọ pé mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá wá kí mi, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò bìkítà fún ṣòkòtò funfun rẹ̀. Bí òrùlé mi bá ń jò, òun ló ń gùn ún. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìjọ aláṣọ funfun tó bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ń lọ. Kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, àwọn àgbà ìjọ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí tọkọtaya má fi nǹkan pamọ́ fún ara wọn. Ìmọ̀ràn rere ni. Àmọ́ àwọn àgbà yẹn kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ìyàwó tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹnìtàn náà pa á mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n bí Armelle, ọmọbìnrin wọn, kò sọ ọ́. Ìgbà tí oyún kejì wálẹ̀ ló sọ ọ́. Ó dùbúlẹ̀ ní Sakété, kò jẹun, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Honoré ló ń fún un ní ẹ̀kọ mu, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń jókòó tì í. Ó bi í pé kí ni òun lè ṣe tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹnìtàn ní kò sí, pé ká ní òun lè dé ibi tí ọwọ́ ìyá òun wà ni. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀, òkúta ẹnu ihò, búlúù, ìdí tí obìnrin fi ń padà síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú òun, kò ní jáde.

Ẹyin lohùn. N kò mọ̀ pé ó ti bọ́ sílẹ̀, Ẹnìtàn náà kò mọ̀.

Nígbà tó yá, fóònù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn kò wá ya fọ́tò mọ́. Ṣọ́ọ̀bù Honoré dákẹ́. Ó bá àwọn kan pàdé ní Kútọnu tó ń mú àlejò kiri láti wo àwọn nǹkan àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Pobè lemọ́lemọ́, bó bá sì dé, amọ̀ á wà ní bàtà rẹ̀. Ẹnìtàn ń fọ bàtà náà. Àwa lábúlé ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lódìkejì igbó igi tíìkì, wọ́n ní àwọn tó ń wo ilẹ̀ ni. A kò wádìí. Àwọn ọmọbìnrin wa kì í ṣègbéyàwó nílé mọ́, Kútọnu ni wọ́n ń ṣe é, nítorí náà kò sí ẹni tó dé Ilé Ìyá fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan Honoré wọlé, ó ní, "Ìyá Armelle, wíkẹ́ńdì tó ń bọ̀, èmi àti ìwọ nìkan. A ó sùn sí otẹ́ẹ̀lì ní Pobè, tó bá di ọjọ́ Àìkú, a ó lọ wo ihò kan tí àwọn ará àtijọ́ ya nǹkan sí."

Ẹnìtàn ní, "Kí làwọn ará àtijọ́ yà?"

"Sùpírísì ni. O ó rí i."

Ẹnìtàn pè mí lórí fóònù. Kò tíì rìnrìn àjò kan rí tí kì í ṣe ti òkú tàbí ti ọjà. Mo ní, "Ṣé ẹ ti dòyìnbó ni, tí ẹ̀ ń lọ wo ihò?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Tàntí, ẹ jẹ́ á gbádùn ara wa. Bàbá Armelle ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Ó fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wọn, ó rán aṣọ tuntun kan, ó ra bàtà tó ń dun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé ọjọ́ Sátidé yẹn dùn. Ó dùn gan-an, òun ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jẹ ẹja díndín lẹ́bàá ọjà Pobè. Wọ́n rìn kiri nírọ̀lẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ, Honoré di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú láàárín títì, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní kó na ọwọ́ náà sókè lára ògiri otẹ́ẹ̀lì, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ yìí máa gbé wa ga." Ẹnìtàn rò pé epo tí òun ń ṣe ló ń sọ. Ó súre fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ kan gbé wọn pẹ̀lú àwọn àlejò láti Kútọnu, òyìnbó méjì sì wà láàárín wọn. Níbi tí ọ̀nà ti yà, Ẹnìtàn rí pátákó funfun náà. Ó na ìka sí i, ó ní, "Bàbá Armelle, ẹ wò ó, ẹnì kan ní ọmọńdinrín bíi tèmi." Honoré rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe amọ̀nà, Gaël, pàdé wọn nínú ẹ̀wù funfun tí wọ́n tẹ ọwọ́ pupa kan náà sí láyà. Ẹnìtàn tún wo ìka yẹn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n gba inú igbó tíìkì, apá òdìkejì tí àwa kì í gbà, nítorí náà kò mọ ibi tó wà. Wọ́n ti gé àtẹ̀gùn sára ilẹ̀, wọ́n sì ti na okùn fún ìdìmú. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí bàtà. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ tó gbójú sókè ló rí òkúta pẹlẹbẹ. Òyìnbó kan ti jókòó lé e, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

Orí òkúta yẹn ni mo ti fi èjìká gbé e ró ní ìdájí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Bàbá Armelle, ibo rèé?"

"Wọlé, o ó rí i."

"Ibo lẹ mú mi wá yìí?"

Honoré fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí a ti ń ti ọmọdé tó ń tijú. "Wọlé. Inú rẹ á dùn."

Ó wọlé. Àwọn ọkùnrin kún ibẹ̀, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ń gbé fóònù sókè. Okùn kan wà níwájú ògiri, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gaël tan iná sí ọwọ́ pupa kan. Ó fi èdè Faransé ṣàlàyé pé òun ló lókìkí jù níbẹ̀, pé kí wọ́n wo ìka rẹ̀ tó wọ́, pé àwọn ará àtijọ́ máa ń ṣẹ́ ìka obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ fi bẹ òjò. Àwọn àlejò mí kanlẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Odó ẹyìn ló ṣẹ́ ẹ, nínú àgbàlá wa, àìgbọràn rẹ̀ ló sì fà á.

Ẹnìtàn kò gbọ́ ìyókù. Kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò, níbi tó yẹ kí ọwọ́ Berthe wà. Ojú àpáta ibẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí búlúù kankan lára ògiri mọ́.

Èdè wa ló fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn àlejò kò gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìyá mi dà?"

Honoré súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Rọra. Búlúù ni tìyá rẹ. Àwọn ará àtijọ́ ò ní búlúù. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà wá gbọ́."

"Ta ló nù ún?"

Honoré ń wo ẹ̀yìn àwọn àlejò.

"Bàbá Armelle, ta ló nù ún?"

"Èmi ni. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Mo rọra ṣe é."

Ẹnìtàn sọ fún mi pé òun kò tíì bínú nígbà yẹn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀ lórí àkàbà, tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, tí igi kò sì sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó fún un lẹ́kọ mu, tó bá a sunkún ìyá rẹ̀, tó mọ̀ pé kò ní fọ́tò mìíràn láyé. Ayàwòrán ni, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ ya fọ́tò ọwọ́ náà kó tó nù ún. Ẹnìtàn bi í, ó ní òun kò ya á. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Ṣùgbọ́n mo fi tìẹ sílẹ̀," ni Honoré wí. "Wọ́n ní kí n nu gbogbo èyí tó bá ṣì tuntun. Mo ní rárá, ìyàwó mi nìyẹn. Mo sì fi ṣe àmì iṣẹ́ náà. Gbogbo ayé ló máa mọ ọwọ́ rẹ. Ìwọ náà rò ó wò."

"O mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe níbẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "o" rí. Honoré gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo sọ fún mi."

"Ó dáa bí o ti mọ̀ ọ́n."

Ó bọ́ bàtà tuntun náà sílẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó gba abẹ́ okùn kọjá. Gaël ń pè é pé màdáàmù, a kì í fọwọ́ kàn án. Kò wo ẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kan ojú àpáta tí wọ́n ha, ibi tí ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ òsì, ó sì fi lé ọwọ́ pupa náà. Ó bá a mu régí. Ọmọńdinrín tó wọ́ sùn sórí ọmọńdinrín tó wọ́.

Obìnrin kan láti Kútọnu kọ́kọ́ pariwo pé ẹ wò ó bó ṣe bá a mu. Gbogbo wọn gbé fóònù sókè. Wọ́n rò pé ara eré ni, pé wọ́n ti ṣètò rẹ̀ fún àwọn ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Honoré nìkan ṣoṣo ló mọ ohun tí ìyàwó òun ṣe níṣojú òun yẹn. Bó bá ní kó gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n á bi í pé èé ṣe. Bó bá dá wọn lóhùn, ihò àtijọ́ ti parí. Ẹnìtàn yíjú padà, ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó ní bí ọkùnrin náà bá pe orúkọ òun lásán, bóyá òun á gbé ọwọ́ náà sọ̀.

Honoré gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òun náà pàtẹ́wọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ti ọwọ́ tó nù, mo lè ní ojúkòkòrò ni, ojúkòkòrò ti ba ẹni tó dára jù ú lọ jẹ́. Ti àtẹ́wọ́ yẹn, n kò tíì rí ibi tí mo lè gbé e sí.

Ẹ̀gbẹ́ òkúta ni ọ̀nà wa wà, ọ̀nà tí àwọn ìyàwó ń gbà. Koríko ti bò ó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ẹnìtàn mọ̀ ọ́n. Mo ń sá èkùrọ́ níwájú ilé nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀, láìwọ bàtà, nínú aṣọ tuntun. Mo ti la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wíkẹ́ńdì òyìnbó ti parí ni. Mo wá rí i bó ṣe na ọwọ́ òsì síwájú, tí kò jẹ́ kó kan aṣọ. Eruku pupa wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Mo gbé àpótí fún un, ó jókòó. Mo fún un lómi, ó mu ún. Mo ní àkàsà wà, ó ní òun kò jẹ. Mo jókòó tì í, à ń ṣa èkùrọ́. Inú mi ń gbóná bí ìkòkò epo, ṣùgbọ́n n kò bi í ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tó wù ú. Nígbà tó sọ ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni èmi tó bú sẹ́kún. Tèmi náà ti lọ nínú èyí tó nù yẹn, ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ ọkọ mi ti kú, kò sí ilé tí mo fẹ́ sá kúrò. Ti Berthe ló ká mi lára. Ikọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì tún fi búrọ́ọ̀ṣì parí èyí tó kù.

Ẹnìtàn ní, "Tàntí, ká ní tèmi ló nù, tó sì fi tìyá mi sílẹ̀, ǹ bá bá a padà sí Sakété. Ǹ bá bínú, ǹ bá dákẹ́, ǹ bá máa ṣe epo mi. Ibo ni ǹ bá fi ọwọ́ lé?"

Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó nù ló fi ìfẹ́ dá sí.

Àwọn ìyá abúlé kò gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní òun náà ló tú àṣírí, bí kò bá la ẹnu fún ọkọ, ìlú kankan kò ní mọ Ilé Ìyá. Òótọ́ ni, mo sì sọ níwájú rẹ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri, ó sì ti fi ọwọ́ lé e. Òfin pé a kò gbọdọ̀ bi í kò yọ èyí sílẹ̀. Wọ́n kùn, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti lọ bá àwọn aláṣẹ ní Pobè, àwọn yẹn ní kí wọ́n padà wá nígbà mìíràn. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, pátákó ṣì wà lójú títì, ọkọ̀ àlejò ṣì ń dún lódìkejì igbó. Kẹ̀kẹ́nọ̀ kan tó ń fi alùpùpù gbérò ló gbé Armelle wá bá ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ yẹn bá dé, n kò mọ ibi tí a ó ní kó tẹ ọwọ́ sí.

Honoré náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo gbé omi fún un, nítorí àlejò ni. Láti ẹ̀yìn ilé, à ń gbọ́ Ẹnìtàn tó ń gún ẹyìn.

Ó ní, "Tàntí, torí àwa méjèèjì ni mo ṣe ṣe é. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ẹ bá mi bi í, kí ló dé tí kò lè dárí jì mí?"

Mo ní, "Honoré, ìwọ lò ń kọ́ àwọn àlejò ní ìtàn ihò wa. Obìnrin tó bá ti fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, kí la kì í bi í?"

Ó ń wo inú ife omi.

"A kì í bi í pé kí ló dé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ó yíjú sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìró odó ti ń wá. "Òun ni," ó ní.

Ó gbé ife náà kalẹ̀, kò mu ún tán, ó sì ti alùpùpù rẹ̀ jáde kúrò lágbàlá. Ẹnìtàn kò dá ọmọ odó dúró.